Aṣọ Tí Rhoda Hun fún Tóyọ̀sí

Kabba.

Tóyọ̀sí ọ̀wọ́n,

Okun o. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ nínú ara líle. Ara tèmi ti di ara àgbà. Kí n má fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn: èmi ni mo tú àṣírí rẹ nílé ẹ̀kọ́. Rhoda kọ́.

Ìwọ náà á rántí ọjọ́ tí o wá sí ọ́fíìsì mi, tí o sunkún kí o tó lè sọ pé láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú lo ti ń tọ̀ sílé ní họ́sítẹ̀lì. O ní Rhoda ọ̀rẹ́ rẹ nìkan ló mọ̀, òun ló ń bá ọ fọ aṣọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ yìí kò ní jáde nínú yàrá yìí."

Ó jáde. Nígbà tí wọ́n ní kí a mú ẹ̀bẹ̀ wá ní ìpàdé àdúrà, mo dìde. N kò dárúkọ rẹ, mo sì rò pé ìyẹn ti tó. Mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún ọmọbìnrin Odo-Ape kan tó ń tọ̀ sílé. Ta ló tún wá láti Odo-Ape ní họ́sítẹ̀lì wa bí kò ṣe ìwọ? Àwọn tó ṣe àmín ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ wa. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti gbé fóòmù tí o ń sùn lé síta, wọ́n ń fi ọ́ kọrin. O kó ẹrù rẹ lọ láìṣe ìdánwò àṣejáde, o sì kọ Rhoda sílẹ̀, o rò pé òun ló sọ ọ́.

Iṣẹ́ mi àti ipò alàgbà mi ni mo ń rò, mo bá dákẹ́.

Nígbà ìsinmi, Rhoda gbé aṣọ kan wá, èyí tí òun àti ìyá àgbà rẹ̀ hun ní Ayewa. Ó ní, "Sà, ẹ bá mi fún un. Ẹ sọ fún un pé èmi kọ́." Mo gbà á, mo fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí, nítorí bí mo bá fún ọ, wàá bèèrè pé ta wá ni. Ó wà níbẹ̀ títí irun mi fi funfun. Títí di òní, bí Rhoda bá rí mi lọ́jà, á kúnlẹ̀ kí mi, á sì bèèrè bóyá mo gbúròó rẹ.

Ìdáríjì wà lọ́wọ́ rẹ, n kò ní fi tipátipá gbà á. Aṣọ náà nìyí. Tìrẹ ni láti ìgbà yẹn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹni tí àwọn ọmọ rẹ bá finú hàn dalẹ̀ wọn. Kí ó dá ọ̀rẹ́ rẹ padà fún ọ nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ṣì lè jọ rẹ́rìn-ín.

Èmi ni olùdámọ̀ràn rẹ tí kò pa ọ̀rọ̀ rẹ mọ́,
Isaiah Ìbítóyè.

Àfikún: Ní Sátidé, n ó lọ bá Rhoda ní Ayewa. Èmi ni ìkúnlẹ̀ kàn báyìí. Bí ó bá bèèrè ibi tí o ń gbé, n ó ní n kò mọ̀, òótọ́ sì ni: Michael àbúrò rẹ tó bá mi gbé ẹrù yìí wá fún ọ kò sọ fún mi, n kò sì bi í. Ìwọ ni wàá sọ fún un, bí ó bá wù ọ́.