Ẹ̀gẹ́ Tí Bàbá Rẹ Fi Han Ohun Tó Ń Fò

Ivanilde ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní São Paulo? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò pọ̀ jù fún àyà rẹ? Kí Màríà Mímọ́ má ṣe gbójú kúrò lára rẹ, kí ọwọ́ tí o fi ń nu ilé onílé má rọ. Àwa náà ń mí, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ wá. Ọdún kẹfà nìyí lábẹ́ àgọ́ ọ̀rá dúdú lẹ́bàá títì, tí à ń retí kí ìjọba gba ilẹ̀ tí olóko ńlá tó wà níwájú wa yìí pa tì, kí wọ́n pín in fún àwa tí a kò nílẹ̀.

Owó tí o fi sínú fóònù ti dé, Marluce olórí àgọ́ wa ló fi hàn mí. Mi ò jẹ́ kí bàbá rẹ gbé fóònù náà lọ gba iná nílé ọtí mọ́, torí ojú iná kan náà ni gbogbo àgọ́ ń ki fóònù wọn bọ̀, mi ò sì fẹ́ kí owó wa ṣàn lọ sínú fóònù ẹlòmíràn. Bó bá di dandan, èmi fúnra mi ni mo máa ń jókòó tì í.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ gan-an ni mo fẹ́ sọ. O rántí ẹ̀gẹ́ tí a gbìn sórí ilẹ̀ náà, lẹ́yìn igbó ọparun, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ olóko má baà rí i? Ó ku díẹ̀ ká wú u, ká fi han ìjọba pé ilẹ̀ yìí ń so lọ́wọ́ wa. Àfi bí nǹkan kékeré kan ṣe ń fò bọ̀ lókè, ó ń kùn bí oyin, ojú kan wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Bàbá rẹ ní ìjọba ló rán an wá láti Brasília kó wá wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Háà, Genésio ọkọ mi! Ó sáré wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi gbé mi níyàwó, ó ṣí fìlà, ó kí i pé ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá, ó sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ fún un, ó na àtẹ́lẹwọ́ sókè kó lè rí bó ṣe le tó. Ló bá ní kó máa tẹ̀lé òun, ó mú un dé ẹ̀yìn ọparun, ó ń fi ọkọ́ tọ́ka sí ebè kọ̀ọ̀kan. Èmi òmùgọ̀ náà ń juwọ́ sí i, mo ní kó bá wa kí ààrẹ.

Marluce rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àfi ìgbà tó gbọ́ ibi tí bàbá rẹ mú nǹkan náà dé. Ó ní, Bàbá Genésio, ti olóko ni o! Lọ́jọ́ kejì katakata olóko wọlé, kò yà síbì kankan, ẹ̀yìn ọparun ló lọ tààrà, ó gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, ó sì fà á tu.

Kò sẹ́ni tó bú bàbá rẹ. Tonho ará àgọ́ wa tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́, kọfí ló gbé fún un, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Kò jẹun. Nígbà tó yá ló mú àdá, ó lọ ń ṣa igi ẹ̀gẹ́ tí katakata gé kalẹ̀, ó ní ṣebí wọ́n ti bá wa gé irúgbìn. Gbogbo àgọ́ bá tẹ̀lé e. A ti gbìn ín padà, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko la tún máa fi dúró, eegun mi sì ń ké.

O ní ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Tí a bá kúrò, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún láyè wa. Jọ̀ọ́, fi owó ọ̀rá ránṣẹ́, èyí tó wà lórí wa ti ya, òjò ń wọlé sórí ibùsùn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kí o fún, má fi í sínú fóònù.

Bàbá rẹ ní kí n bi ọ́ ní nǹkan kan, ojú ń tì í láti bi ọ́ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá pín ilẹ̀ náà fún wa, ṣé wàá padà wá dáko níbẹ̀? Ó fẹ́ mọ ẹni tí òun ń gbìn ín fún. Èmi ti mọ ohun tí o máa sọ, ọmọ mi. Fi ẹ̀sọ̀ sọ ọ́ fún un.

Bí o wá, bí o kò wá, ire ni tìrẹ, o kò ní fẹsẹ̀ kọ.

Ìyá rẹ,
Dalvina