Ewé Tí Abọ́sẹ̀dé Fi Ránṣẹ́ láti Port Harcourt

Ìrágbìjí,
Oṣù Kejì, 1994.

Abọ́sẹ̀dé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé omi Port Harcourt kò tíì gbé ọ lọ? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó gbé ọ. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le, òrùlé ilé nìkan ni kò gbádùn.

Ọmọ, inú mi dùn débi pé orí ìdúró ni mo ti ń pe lẹ́tà yìí fún Tíṣà Àríyọ̀ kó máa bá mi kọ ọ́! Òun náà ló bá mi ka lẹ́tà rẹ nítorí ojú mi tí kò rí ìwé kà mọ́, ó sì fi ewé tí kọ̀ǹpútà yín yà hàn mí. Ó jọ èyí tó máa ń hù lára ọ̀pẹ gan-an. O ní ẹ kò ya ewé náà lódidi, pé òfin mẹ́rin péré lẹ fún ẹ̀rọ, ó wá ń fi àmì bíńtín lé àmì bíńtín, ó ń tún àwọn òfin kan náà lò lórí ohun tó ti ṣe tẹ́lẹ̀, títí ewé fi yọ, tí ewé kékeré ara rẹ̀ jọ ewé ńlá, tí èyí tó wà lára kékeré tún jọ kékeré. O ní ẹ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ síbẹ̀, bí olè bá já a gbà lọ́nà, ewé lásán ni yóò rí, àfi ẹni tó bá mọ nọ́ńbà inú òfin yẹn.

Tíṣà ní ìṣirò ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àṣé àrokò ni wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì! Bàbá mi kò rí kọ̀ǹpútà rí, ṣùgbọ́n owó ẹyọ àti ìyẹ́ adìẹ ló fi ń ránṣẹ́, ẹni tó gbé e dání kò sì ní mọ ohun tó ń sọ.

Mo ti tú tìrẹ o! Èmi ni ewé ńlá, ìwọ ni kékeré, èyí tó wà lára kékeré ni ọmọ tí o fẹ́ bí. Dagogo, ọmọ àdúgbò Borokiri níbẹ̀ tí o ní ẹ jọ ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, òun ni ọkọ. Mo ti sọ fún gbogbo mọ̀lẹ́bí, mo sì ti so òbúkọ ìgbéyàwó mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n fara balẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ló ń béèrè bóyá Dagogo ń jẹ iyán.

Jọ̀wọ́, fi owó páànù ránṣẹ́, kí òjò má bàa pa àna mi nínú ilé. Sọ fún un kó ra ẹja gbígbẹ ní ọjà Creek Road yín bọ̀. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, wàá ṣe orí ire, ìwé tí o ń kà kò ní já sí asán.

Àrokò tèmi náà wà nínú àpòòwé yìí, ewé kan láti ara ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa. Má gbé e fún kọ̀ǹpútà, kò ní nọ́ńbà kankan. Ohun tó ń sọ ni pé ọdún mẹ́ta tí a kò ti fojú kàn ọ́ ti pọ̀ jù. Bí mo bá sì ṣi tìrẹ tú, tí kò sí ọkọ, tí kò sí ọmọ, má fi lẹ́tà tún un ṣe o. Wá sílé, wá fẹnu sọ ọ́ fún mi. Òbúkọ á ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ṣàfíù.