Ẹ Yọ Hilkka Kallio Kúrò Nínú Ìjákulẹ̀ Ẹgbẹ́ Awakùsà

Ilé Kejìlá, Òpópónà Kẹta,
Tamarack Falls, Ontario,
Kánádà.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹsàn-án, 2019.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Líìgì Họ́kì Orí Yìnyín Àwọn Ìlú Àríwá,
Larder Crossing, Ontario.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ OJÚ EWÉ KỌKÀNLÉLỌ́GBỌ̀N NÍNÚ ÌWÉ ÀYẸ̀WÒ SÁÀ ẸGBẸ́ AWAKÙSÀ

Ìyàwó mi, Hilkka Kallio, kú ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì ọdún yìí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó sẹ́yìn àwọ̀n ní pápá yìnyín wa, tó ń tan iná pupa bí rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá bá wọlé.

Ẹgbẹ́ Awakùsà, ẹgbẹ́ họ́kì ìlú wa, ti tẹ ìwé ogójì ojú ewé jáde nípa sáà tó kọjá. Wọ́n kọ ọ́ sí ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n pé àwọn ì bá ti wọ ìpele àṣekágbá, bí kì í bá ṣe pé ẹni tó wà nídìí iná sùn lọ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, tí kò tanná fún gòólù wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nídìí iná lọ́jọ́ náà.

N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò. Ìdíje méjìléláàádọ́ta ni wọ́n ṣe. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n borí. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀meje tẹ̀ léra. Aṣọ́lé tí wọ́n fariwo gbé wá láti Sweden ń ya ẹsẹ̀ bí ilẹ̀kùn abà. Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá kí Kérésì tó dé, wọ́n fi àna ọ̀gá rọ́pò rẹ̀. Bí rẹfirí bá lé alátakò kan síta, tí tiwa wá pọ̀ jù wọ́n lọ, àwọn tó kéré náà ló tún ń gbá gòólù wọlé wa. Ìwé náà pe èyí ní ọdún ìdàgbàsókè. Ẹrù amúkùn-ún wọ́. Ìsàlẹ̀ ló ti wọ́ wá.

Àmì mẹ́rìnlá ló wà láàárín wọn àti ẹgbẹ́ tó wọ àṣekágbá kẹ́yìn. Gòólù tí wọ́n ń sunkún rẹ̀ kò lè fún wọn ju àmì méjì lọ. Gòólù kọ́ sì ni. Rọ́bà náà kọlu irin ẹnu àwọ̀n, ó padà síta. Rẹfirí na apá méjèèjì pé kò wọlé.

Ní ti oorun: àrùn jẹjẹrẹ ń bá Hilkka jà. Lọ́jọ́ yẹn ó kọ oògùn ìrora rẹ̀, nítorí pé oorun máa ń kùn ún bí ó bá lò ó. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bàbá Irja, bí mo bá lò ó, ta ló máa ṣọ́ ìlà gòólù?" Ó fi ìrora jókòó títí ìdíje fi parí. Èmi ni mo gbé e dé inú ọkọ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Clayton Burgoyne, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà. Níwájú àwọn tó ń mu kọfí, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká simi jàre. Òkú kì í kàwé." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ará ìlú ń kàwé, ẹgbẹ́ náà yóò sì pín ìwé yìí lẹ́nu ọ̀nà pápá ní ìdíje àkọ́kọ́, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá.

Mo bẹ̀ yín, ẹ pàṣẹ kí wọ́n yọ ojú ewé náà kí ọjọ́ yẹn tó pé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ipò rẹ̀ pé irọ́ ni àwọn pa.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí. N kò ní sọ lẹ́tà kejì. Irja, àkọ́bí wa, tó ń kọ èyí bí mo ti ń sọ ọ́, ni mo fa ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́. Òun ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀ pé kó gba ìdí iná lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Òfin yín ni pé ìdíje kì í bẹ̀rẹ̀ bí ìdí iná bá ṣófo. Irja kò ní jókòó síbẹ̀ títí wọn yóò fi yọ ojú ewé náà. Láti òní lọ, òun ni kí ẹ máa bá sọ̀rọ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Osmo Kallio,
Òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà tó ti fẹ̀yìn tì, ọkọ Hilkka.