Àga Tí Ìyá Wọn Fi Dí Ẹnu Ọ̀nà Télọ̀

Èmi, tí orúkọ mi gígùn wà lẹ́yìn àpò ìwé yìí bí lọ́yà ṣe fẹ́ kó wà, ṣùgbọ́n tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Onígíláàsì, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ọpọlọ mi ṣì mú. Dókítà ti yẹ̀ mí wò, ó sì jẹ́rìí sí i; kódà ó ní ẹnu mi ti mú jù fún aláìsàn. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, kò sì sẹ́ni tó tàn mí. Ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti kọ ṣáájú èyí, mo ti fà á ya.

Ẹ̀yin alámòójútó mi méjèèjì, ìyẹn lọ́yà àti ọmọ mi obìnrin tí à ń pè ní Tíṣà, ẹ kà á sókè ketekete níwájú gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé lọ́yà yóò fẹ́ fo àwọn ibi tí mo ti ń sọ tẹnu mi. Kò gbọdọ̀ fò ó. Tíṣà, máa ṣọ́ ọ.

Ìpín kìíní. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé mi, yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti bákónì tó kọjú sí òpópónà, mo fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi méjèèjì tó kù, Tíṣà àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí à ń pè ní Ọ̀gágun. Kí wọ́n pín in bó bá ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn, láìsí ariwo.

Ọ̀gágun, láti kékeré lo ti ń pàṣẹ fún ìyá tó bí ọ, ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Báyìí ọkọ̀ àjàgbé lò ń wà, o sì ń pàṣẹ fún ojú ọ̀nà. Mo kọ ọ́ pé "tó kù" nítorí pé mẹ́ta ni yín. Ẹ̀gbọ́n yín, àkọ́bí mi, wà ní ibùdókọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí bọ́ǹbù dún níbẹ̀. Ibi iṣẹ́ ló ń lọ. Ó gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ sórí tábìlì, mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́wọ́ pé orí ọmọ yìí ò sí lọ́rùn rẹ̀, nígbà tí gbogbo fèrèsé ilé wa mì.

Ìpín kejì. Ajá mi, mo fi sílẹ̀ fún Ìyá Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì òpópónà. Ohun tó ti di tirẹ̀ tipẹ́ ni mo ń fún un yìí. Ilé mi ni ajá náà ti ń jẹun, abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń sùn. Aláìmoore gbáà ni.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn wa yóò bi mí pé kí ló pa èmi àti obìnrin yìí pọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló gbé bọ́ǹbù náà lọ sí ibùdókọ̀. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, nítorí pé kì í pariwo. Òun náà kú síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ebi ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Àwọn kan ló pàdé rẹ̀ lásìkò tí inú ayé ń bí i, wọ́n pè é ní arákùnrin, wọ́n ń béèrè èrò rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ títí yóò fi sọ tán. Díẹ̀díẹ̀ wọ́n já a gbà kúrò lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó lè bá a wí tàbí kó pa á lẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ rí i pé ọmọ òun ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun wá ọmọ òun, pé àwọn tó ń bá rìn kì í ṣe ènìyàn rere. Wọ́n ní kó lọ sinmi, pé ọmọ tó bá ti gbọ́njú kì í gbọ́ ti ìyá mọ́.

Mo ti rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní akọni. Ṣùgbọ́n ìyá tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ fẹjọ́ ọmọ inú rẹ̀ sùn, nítorí kí ọmọ ẹlòmíràn má baà kú, mi ò tíì rí irú rẹ̀. Ìyá Télọ̀, mo kí ọ. Jẹ́ kí ajá máa sùn níbi tó ń sùn.

Ìpín kẹta. Ṣòkòtò aláwọ̀ eérú tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi kì í ṣe ogún ẹnikẹ́ni. Òun ni kí ẹ wọ̀ fún mi lọ sí sàréè. Ti àkọ́bí mi ni, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù mí lọ. Bí kò bá gba ìdí mi, kí Ìyá Télọ̀ tú u kó tún un rán, kó má sì dá ọjọ́ fún yín, nítorí òkú kì í dúró de télọ̀.

Lọ́sẹ̀ tí a sin ọmọ náà, àwọn ènìyàn kóra jọ lọ́sàn-án gangan, wọ́n gbé bẹntiróòlù àti igi, wọ́n fẹ́ lọ sun ṣọ́ọ̀bù Ìyá Télọ̀ tòun ti àwọn tó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe àjèjì ni wọ́n o. Àwọn tí mo ti bá ṣe fèrèsé wà láàárín wọn. Bákónì ni mo wà, mi ò sọ̀ kalẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ mi, ìyàwó mi, tí mo máa ń pè ní Alágídí, gbé àga onígi kan nínú kíṣìnì wa, ó ré òpópónà kọjá, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà télọ̀, ó sì jókòó lé e. Obìnrin tí kò ga ju fíríìjì lọ! Ó ní òun wá gba ṣòkòtò ọmọ òun. Ó ní ọmọ náà ti kó aṣọ fún télọ̀ kó tó kú, télọ̀ ò sì tíì rán an tán, nítorí náà ẹni tó bá sun ṣọ́ọ̀bù yìí, aṣọ ọmọ òun ló sun, òun á sì fẹ́ rí ojú olúwarẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan kígbe pé ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kó wá súnmọ́ òun kó wá wo ohun tí wèrè ń ṣe.

Gbogbo wọn dúró gbagidi. Ni ẹnì kan bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀, torí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní àdúgbò wa pé Ìyá Télọ̀ kì í parí aṣọ lọ́jọ́ tó bá dá. Ẹ̀rín yẹn ló tú wọn ká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé bẹntiróòlù wọn padà sílé, bí ẹni tó lọ ra nǹkan tí kò bá ọlọ́jà. Síbẹ̀ Alágídí ò dìde títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó jókòó síbẹ̀ títí Ìyá Télọ̀ fi parí ṣòkòtò náà nínú ilé pẹ̀lú omijé. Ojú ìrán ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìpín kẹrin. Ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé mi, tábìlì tí mo fi ń gé gíláàsì, gbogbo irin iṣẹ́ tó wà lára ògiri, àwọn gíláàsì tó dúró nínú àgbékọ́, àti pátákó tó wà níta, mo fi sílẹ̀ fún Tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọbìnrin Ìyá Télọ̀, àbúrò Jẹ́jẹ́. Kí ó tún orúkọ kọ sára pátákó náà. Iṣẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló mọ́ jù.

Ọ̀gágun, mo ń gbọ́ ohùn rẹ láti ibi tí mo wà. O ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ìlẹ̀kẹ̀ tìrẹ, lọ so ó mọ́dìí. Gíláàsì ni mo fún Tẹ́ẹ́rẹ́, gíláàsì sì ń gé ìdí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ọmọbìnrin náà síṣẹ́. Bó bá wọ ọkọ̀, wọ́n á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá yín ló mú un wọ ṣọ́ọ̀bù wá, kò sì bi mí. Ọjọ́ náà ni ìwọ kó ẹrù rẹ, o ní ilé wa ń rùn bọ́ǹbù. Gíláàsì àkọ́kọ́ tí Tẹ́ẹ́rẹ́ dá gé, fèrèsé yàrá tèmi àti ìyá yín ni. Ó wọn férémù, ó gé gíláàsì náà kó bá a mu wẹ́kú, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ò fi àlàfo kankan sílẹ̀. Àṣìṣe tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ wa máa ń ṣe nìyẹn. Oòrùn ràn, gíláàsì fẹ̀, kò ríbi yà sí, ó sán láti igun dé igun. Ẹnikẹ́ni ò sọ òkò lù ú. A máa ń fi àyè sílẹ̀ yíká ni, ibi tí èékánná lè gbà, ká wá fi pọ́tì, ìyẹn àtè rírọ̀ tó ń mú gíláàsì, dí i, kí gíláàsì lè mí. Mo ní kí á yọ ọ́. Alágídí ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́, ó sì ń wò ó láràárọ̀ títí tó fi kú.

Ìpín karùn-ún. Gíláàsì tó sán yẹn, mo fi sílẹ̀ fún Tíṣà. Kó yọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó gbé e lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní yunifásítì, kó máa rán an létí pé ohun tí kò bá ráyè mí ló ń sán.

Ọmọ yìí ni mo fi ń yangàn. Nígbà tí àwa ń sunkún, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń sọ ènìyàn di agbésùnmọ̀mí, ó sì lọ jókòó ti àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, ó ń bi wọ́n léèrè, àwọn tó lè jẹ́ pé wọ́n mọ àwọn tó gbé bọ́ǹbù lé Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́. Irú ọkàn wo nìyẹn? Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ọ̀rọ̀ yìí lè tán láyé. Kò pa irọ́ fún mi. Ó ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń tán, pé èyí tó pọ̀ nínú wọn ti tán. Ó ní ìbọn máa ń dí wọn lọ́wọ́, a ò sì lè ṣe kí á má mú wọn, ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ń lu aláìṣẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, ńṣe ló ń bá wọn wá ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Ó ní ohun tó ń pa wọ́n run ni kí àwọn ará ilé wọn dẹ́kun àtimáa bò wọ́n, kí ẹni tó bá sì fẹ́ kúrò láàárín wọn rí ilẹ̀kùn tó lè gbà wọlé padà. Ṣùgbọ́n pé kí ó tán pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má tún rò ó mọ́ láé, ó ní òun ò lè ṣèlérí rẹ̀.

Èmi náà wá ro tèmi. Ẹ̀rù ni ọjà tí wọ́n ń tà. Bọ́ǹbù kìíní, Jẹ́jẹ́ ló gbé e, a ò sì rí i dá dúró, bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ti pariwo rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwa la gbé e lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nínú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù. Aforóyaró ni kì í jẹ́ kí oró tán nílẹ̀. Èyí tí Alágídí dá dúró nìyẹn, pẹ̀lú àga kíṣìnì. Áà, obìnrin! Mo fẹ́ ọ fún ẹwà, mi ò mọ̀ pé odi ìlú ni mo gbé wálé.

Ìpín kẹfà, òun ló sì kẹ́yìn. Àga náà, mo fi sílẹ̀ fún Ọ̀gágun.

Ọmọ mi, mo mọ ẹgbẹ́ tò ń bá rìn. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń lọ káàkiri ilé àwọn tí ọmọ wọn ṣe irú ohun tí Jẹ́jẹ́ ṣe, ẹ̀ ń lù wọ́n, ẹ sì ń pè é ní ìdájọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ pè ọ́ ní arákùnrin, wọ́n sì ń gbọ́ ọ títí tí o fi ń sọ tán. Ẹ̀rù yẹn ló ń bà mí ju ikú lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé mo kú, tí mo sì fi ṣọ́ọ̀bù fún Tẹ́ẹ́rẹ́, wọn yóò wá, wọn yóò sì ní kí o ṣáájú àwọn. Mi ò ní kí o fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní kí o gbàgbé ẹ̀gbọ́n rẹ, èmi náà ò gbàgbé rẹ̀. Gbé àga ìyá rẹ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, kọjú síta, kí o sì jókòó.

Mo fọwọ́ sí i ní orí tábìlì iṣẹ́ mi, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ọdún kẹtàlá lẹ́yìn bọ́ǹbù ibùdókọ̀.
Bàbá Onígíláàsì

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọn kò pín nínú ogún yìí:
Dókítà tó ń tọ́jú mi
Oníbúrẹ́dì ìkóríta, tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn

Àfikún, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kan náà, níwájú àwọn ẹlẹ́rìí kan náà. Mo ka ìpín kẹfà fún Ọ̀gágun lórí fóònù. Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Lónìí ó páàkì ọkọ̀ àjàgbé rẹ̀ síwájú ilé, ó dí gbogbo òpópónà pa. Ó wọlé, kò kí Tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì bú u. Ó gbé àga náà, ó mì í wò, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀, pé bó ṣe wà yẹn kò lè gbé òun. Ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ káfíńtà.