Àtẹ̀gùn Kẹta Létí Odò

Ajé, 6 oṣù Karùn-ún
Ẹ̀gbọ́n mi tún pè láti orí òkè. Oṣù kẹta rèé tí òjò ò kán sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àgbàdo ẹ̀ ti ń káwé. Ó ní èmi tí mò ń da àwọsánmà bí ẹni ń da màlúù, ṣé n ò lè da ẹyọ kan gba ọ̀dọ̀ òun ni. Mo ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Èmi kàn ń ka pátákó tí wọ́n fi ń wọn gíga odò ni, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí odò ò bá tíì pé mítà mẹ́fà, àfonífojì tiwa níbí ló ni òjò. Bó bá pé mẹ́fà, kí omi má baà gbé ìlú lọ, bàlúù á ti àwọsánmà lọ sórí òkè fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ìṣẹ́gun, 7
Pátákó: mẹ́rin àtààbọ̀. Ìyá Onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin ìrẹsì sí àfonífojì. Ó ní bí mo bá jẹ́ kí òjò ré òun kọjá, òun á ti ilé ìwẹ̀ mọ́ mi.

Ọjọ́rú, 8
Omi ti kan àtẹ̀gùn kẹta, níbi tí ọkọ̀ oníyanrìn ń dúró sí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ka odò yìí — bó bá ti kan àtẹ̀gùn kẹta, ó ti pé mẹ́fà nìyẹn. Pátákó ní márùn-ún. Pẹ́ńtà tún pátákó kùn lóṣù tó kọjá. Ó ti ṣì í kùn, ó dá mi lójú. Mo dúró pẹ́ lórí àtẹ̀gùn náà. Bàtà òsì mi kún fómi, ọ̀tún gbẹ. Mo sáré padà.

Ọjọ́bọ̀, 9
Mo sọ fún Ọ̀gá — Olójú Mẹ́rin là ń pè é, nítorí awò ojú ẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní ṣé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ló ń fẹnu mi sọ̀rọ̀. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Ó ní kí n ní sùúrù, awọnlẹ̀ tó máa tún odò wọ̀n ń bọ̀ níparí oṣù. Ìlú lè ti rì kó tó dé.

Ẹtì, 10
Mo kọ mẹ́fà.

Àbámẹ́ta, 11
Bàlúù mẹ́ta gbéra. Òjò tó ti ṣú lé wa lórí yẹra, ó lọ. Adìyẹ bà lókùn. N ò lè jẹun.

Àìkú, 12
Òjò ti rọ̀ lórí òkè. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún lórí fóònù. Ó ní òun mọ̀ pé n ò ní gbàgbé òun. Mo ní kì í ṣe tìtorí ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 22
Oòrùn ọjọ́ kejìlá. Ìyá Onílé fa ìrẹsì kan tu, ó gbé e sórí tábìlì mi. Gbogbo ẹ̀ ló ti gbẹ, títí dé gbòǹgbò. Kò tiẹ̀ bínú. Ó ní bóyá Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 23
Awọnlẹ̀ ti dé, ó wọn gbogbo ẹ̀. Pátákó péye. Àtẹ̀gùn ni ọkọ̀ oníyanrìn tẹ̀ rì, tó dagẹ̀rẹ̀ sápá kan. Ó ní ẹni tó bá dúró lé e, kíá ló máa mọ̀. Odò ò pé mẹ́fà rárá.
Olójú Mẹ́rin bá mi gbèjà. Ó ti kọ̀wé sókè pé àṣìṣe ni, pé kò sí bí mo ṣe lè mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.
Mo délé, mo ṣí ìwé yìí padà sí ọjọ́ kẹjọ. Bàtà òsì mi kún fómi, ọ̀tún gbẹ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́.