Nítorí Ọ̀bọ Erékùṣù, Ẹ Má Pè Mí

Àrìnkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó mú wa rí òjò ọdún yìí yóò mú ọ rí ọ̀pọ̀ ọdún sí i, àmín. Àwa náà wà níbí ní Ìkọ̀yà, ìyá rẹ ń kí ọ, ẹyìn so dáadáa, àfi bíi pé àwọn ọ̀pẹ ń ga sí i bí mo ṣe ń darúgbó.

Àbúrò mi Ambrose, tí kò gbàgbé iṣẹ́ tíṣà, ti ka ìkìlọ̀ ilé ìtura erékùṣù tí o fẹ́ lọ, èyí tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, fún mi. Wọ́n ní kí ẹ má fún ọ̀bọ lóúnjẹ, kí ẹ má fọwọ́ kan ìjàpá òkun, kí ẹ sì máa ti fèrèsé. Níbí, ọ̀bọ tó bá wọ oko wa, òkúta la fi ń kí i, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ni onílé níbẹ̀, bọ̀wọ̀ fún un. Ìyá rẹ ti yan púpurú fún ọ, mo ní kó má fi ránṣẹ́, nítorí òórùn èéfín púpurú yẹn, kò sí fèrèsé tó lè dá ọ̀bọ dúró. Ó bínú, ó ní ṣé ọ̀bọ ni yóò máa pinnu ohun tí ọmọ òun máa jẹ ni.

Ambrose tún ní nínú fọ́ọ̀mù wọn, èmi lo kọ sílẹ̀ pé kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣe ọ́. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Wòlíì ti gbàdúrà sórí fóònù náà, mo sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ẹbí pé kí ẹnikẹ́ni má pè mí títí o ó fi dé, kí wọ́n má baà dí ọ̀nà. Ẹni tó bá ń wá mi, kó fẹsẹ̀ rìn wá. Ìdí nìyí tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀. Ambrose fúnra rẹ̀ ló gbàgbé, ó pè lánàá, mo kígbe Jésù, mo ju fóònù sínú gàrí, ìyá rẹ bú sẹ́kún, àṣé àdá ló fẹ́ yá.

Ẹ̀rù ń bà mí, Àrìnkẹ́. Ìwọ lo gbé ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ sínú aṣọ ilé ìwé, ó bù ọ́ jẹ, o tún ń bẹ̀ wá pé ká má nà án. Ìgbà yẹn mo wà nítòsí. Jọ̀ọ́, ohun tó bá lẹ́wà níbẹ̀, wò ó lókèèrè.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bátìrì fóònù tuntun, kí o sì fi owó ọkọ̀ dé erékùṣù náà kún un, nítorí bí wọ́n bá pè, mo ń bọ̀ nìyẹn, mo ti pọ́n àdá.

Ọlọ́run yóò sìn ọ́ lọ, yóò sìn ọ́ bọ̀. Bí o bá padà dé Èkó, ìyá rẹ ni kí o pè. Fóònù tèmi yóò wà ní títàn lọ́sàn-án lóru, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó má dún.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jethro