Mo Ti Orúkọ Màmá Tó Ti Fẹ̀yìn Tì Pa, Ẹ̀gbọ́n Màmá Mi Ní Kí N Ṣí I

Mo ti ọ̀nà kan pa mọ́ ẹ̀gbọ́n màmá mi lórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa, mi ò sì ní ṣí i… ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná, torí láti ìjẹta ni àyà mi ti ń já.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ni. Ẹ̀gbọ́n màmá mi yìí, Bàbá Òkè-Ọ̀dàn là ń pè wọ́n, ni igbákejì ọ̀gá ní ilé-ìwé ìjọ kan nítòsí Ìlaròó. Àwọn ló bá mi wá iṣẹ́ ìtọ́jú kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Password kan ṣoṣo ni gbogbo olùkọ́ ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri! Mo wá fi Linux, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sórí gbogbo kọ̀ǹpútà náà, mo so wọ́n mọ́ ọ̀kan tó ń ṣe olórí, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ àti password tirẹ̀. Ẹni tí mo bá ti orúkọ rẹ̀ pa lórí ọ̀kan yẹn, gbogbo ẹ̀rọ ló máa kọ̀ ọ́.

Àṣìṣe tèmi rèé. Nígbà tí Màmá Ìṣirò, olùkọ́ wa àgbà, fẹ̀yìn tì, mi ò yọ orúkọ wọn kúrò. Ó ṣe mí bíi pé mò ń lé ìyá àgbà jáde nílé… Àṣé wọ́n ti sọ password wọn fún Bàbá Òkè-Ọ̀dàn. Àgbà méjì, kí ni wọ́n fẹ́ fi pamọ́ fún ara wọn?

Níjẹta mo rí i lórí ẹ̀rọ olórí yẹn pé ẹni tó ti fẹ̀yìn tì wọlé láti ọ́fíìsì igbákejì ọ̀gá, ó sì yí máàkì ìṣirò padà. Ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá di ìkíní. Ọmọbìnrin àgbẹ̀ kan láti Agosasa bọ́ sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ ìkíní nìkan ni ìjọ máa rán lọ sí yunifásítì. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti orúkọ náà pa. Kò pé wákàtí kan, Bàbá dé, wọ́n ní kí ló dé tí ẹ̀rọ ò gba Màmá Ìṣirò wọlé mọ́. Mo ní Màmá Ìṣirò wà lóko ẹ̀gẹ́ wọn ní Owódé, sà, àwọn kọ́ ló fẹ́ wọlé.

Bàbá pe màmá mi lórí fóònù. Màmá ní ṣé torí ẹ̀rọ tí kò lè kí èèyàn ẹ káàárọ̀ ni mo ṣe ń bá àgbà fa ọ̀rọ̀, kí n lọ dọ̀bálẹ̀ kí n sì ṣí i. Mo máa dọ̀bálẹ̀ kí wọn ní gbogbo àárọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣí i!

Èmi náà lè dá máàkì yẹn padà kí ẹnikẹ́ni má mọ̀… ṣùgbọ́n tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló wá yà mí sọ́tọ̀ sí wọn? Ọ̀gá ò tíì mọ nǹkan kan, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì máa ka èsì síta. Tí mo bá sọ, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ Bàbá, màmá mi sì ti ní òun á kọ̀ mí lọ́mọ. Tí mi ò bá sọ, ọmọ yẹn á gbà pé òun ò mọ̀wé tó. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n lọ bá ọ̀gá lọ́la, àbí kí n kọ́kọ́ fún Bàbá láàyè kí wọ́n fẹnu ara wọn jẹ́wọ́? Ẹ ṣáà má sọ fún mi pé kí n ṣí i.